Ibi Tí Imú Mọ́tò Méjì Ti Pàdé

Ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Ìfọ̀, kẹ̀kẹ́ náà ló sì fi kí mi. Mo fẹ́ sọdá títì níwájú ọjà. Mo wo apá òsì bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, n kò rí nǹkan kan, ni mo bá gbẹ́sẹ̀. Apá ọ̀tún ló ti yọ sí mi. Èmi, òun, kẹ̀kẹ́ àti irin iṣẹ́ tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wa la jọ balẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, ṣé o ò ríran ni?”

Mo bẹ̀ ẹ́ ní ohùn ilé wa. Bó ṣe gbọ́ ohùn náà ni ìbínú rẹ̀ di ẹ̀rín. “Háà! Ará Faransé ni! Ẹ wá wò ó o, ará Faransé ló ń wá mọ́tò lápá ibi tí kò sí!” Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ń ta búrẹ́dì dìde dúró. Láti ọjọ́ yẹn, n kò ní orúkọ mìíràn mọ́ ní Ìfọ̀.

Múfútàù ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Mówè, mẹkáníìkì. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti wá iṣẹ́, òun náà ló sì fún mi ní ìdajì ẹní rẹ̀. Bí àwọn ará Ìfọ̀ ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á fi ọ́ ṣẹlẹ́yà tán kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún ọ, oúnjẹ ọ̀hún á sì pọ̀.

Ìdí Ọsàn ni wọ́n bí mi sí, abúlé kan tó wà láàárín ilẹ̀ àwọn Faransé àti ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wá, Yorùbá ni àwọn ará Ìfọ̀, àmọ́ àwọn òyìnbó ti fa ààlà wọn, ọ̀dọ̀ Faransé ni bàbá mi sì ń san owó orí sí. Níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò máa ń tọ̀. Ọ̀gá Ìdòwú ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà nígbà tí mò ń ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́rì tí òun fúnra rẹ̀ ń wà, ilé iṣẹ́ òyìnbó ló ni ín, òyìnbó ló sì ń pinnu ẹni tó máa jókòó níwájú. A ti gbọ́ pé lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn dúdú bíi tiwa ń ra lọ́rì tirẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ tó bá wù ú sí iwájú rẹ̀, á sì gba ẹni tó bá wù ú ṣe dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé: kí n di ìdarí lọ́rì mú, kí ọ̀nà máa ṣí sílẹ̀ níwájú mi.

Ìyá mi ni olórí àwọn obìnrin tó ń ta ata gbígbẹ ní Ìdí Ọsàn. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mò ń lọ, ó ń fẹ́ ata nínú atẹ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

“O ti di ẹrù kó o tó wá sọ fún mi,” ó ní. “Kí lo tún wá ń sọ?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo lọ. Eruku ata náà ló ń ta mí lójú dé ẹnu ibodè. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn ò lè mọ bí òsì wọn ṣe rí lára mi. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Tí mo bá rí mọ́tò tó ń bọ̀ ní òsì, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé dírẹ́bà rẹ̀ ń rí ìyá rẹ̀ fín. Búrẹ́dì wọn náà yà mí lẹ́nu. Tiwa gùn gbọọrọ, ó le léèpo, tiwọn ní igun mẹ́rin bíi bíríkì, ó sì rọ̀ débi pé ó máa ń há mi lọ́fun. Owó wọn, òṣùwọ̀n wọn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá, gbogbo rẹ̀ ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Múfútàù ni Bàbá Sàláwù, mùsùlùmí kan tó ní lọ́rì akẹ́rù, ọmọ ilẹ̀ Ìfọ̀ gan-an. Ó gbà mí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mò ń fọ lọ́rì, mò ń di ẹrù, mò ń pe èrò. Ní ilé rẹ̀, a máa ń jọ ṣínu nígbà ààwẹ̀, a sì jọ máa ń lọ sí mọ́sáláṣí. Inú mọ́sáláṣí yẹn ni ibi kan ṣoṣo ní Ìfọ̀ tí n kì í ti í jẹ́ ará Faransé. Tí lèmọ́mù bá ti kabara, kò sí Faransé, kò sí Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń ka Fátíà ní Ìdí Ọsàn náà ni wọ́n ń kà á níbẹ̀. Mo máa ń pẹ́ kí n tó dìde lórí ẹní. Bàbá Sàláwù rò pé mo fẹ́ràn àdúà ni, n kò sì sọ fún un pé ilé ni mo lọ.

Múfútàù fẹ́ kí n gba láísẹ́ǹsì. Ó so àkísà pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi, ó ní ibi tí mo bá ti rí pupa ni kí n máa tẹ̀ sí. Mo so ó títí ara mi fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n dán mi wò ní Abẹ́òkúta, mo di òsì náà mú débi pé koríko ẹ̀gbẹ́ títì ń gbá ilẹ̀kùn mọ́tò. Òyìnbó tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i. Mo kọrin láti Abẹ́òkúta dé Ìfọ̀. Nínú rélùwéè ni o, láàárín èrò, ojú ò tì mí!

Àmọ́ láísẹ́ǹsì kò sọ mí di dírẹ́bà. Àwọn èrò ni kò gbà. “Ará Faransé kẹ̀? Tó bá lọ gbàgbé, tó gbé wa lọ sí ọ̀tún ńkọ́?” Bàbá Sàláwù ò fẹ́ pàdánù èrò. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi láísẹ́ǹsì sápò, tí mo sì ń dì mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì láàárọ̀ láálẹ́. Inú bí mi gan-an nígbà yẹn, mi ò ní parọ́.

Tẹlifóònù wà ní tésàn rélùwéè. Mo máa ń gbọ́ ọ̀gá tésàn tó ń kígbe sí i, bí ẹni pé àwọn ará tésàn Àgbàdo ò ní gbọ́ bí kò bá ya ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pè ní Ìdí Ọsàn? Ìyá Rábì ni tẹlifóònù tèmi. Aṣọ ló ń tà, ó ń ná ọjà Ìfọ̀, ó sì ń ná ọjà ọ̀dọ̀ wa. Màá sọ tèmi fún un, á lọ sọ ọ́ fún ìyá mi, á sì gbé èsì padà wá pẹ̀lú ohùn ìyá mi gan-an. Á fọwọ́ lé ìbàdí, á yọ ètè síta.

“Ìyá ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé ata wọ́n.”

“Ṣé kò bèèrè mi?”

“Ó ní òjò pọ̀, ata ò tètè gbẹ.”

“Ìyá Rábì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò bèèrè bóyá mò ń jẹun?”

Obìnrin náà á wò mí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀. “Ó bi mí bóyá ata Ìfọ̀ ta bíi tiwọn. Ìwọ náà ronú sí i.”

Màá rẹ́rìn-ín. Tí mo bá dé ẹ̀yìn ilé, màá sunkún. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ìlú náà sì dùn mọ́ mi, n kò mọ bí èèyàn kan ṣe lè gba méjèèjì mọ́ra.

Ní ọdún kan, Ìyá Rábì dé pẹ̀lú ìròyìn tó ju ti ata lọ. Àwọn Faransé ti gbé ọ̀dà dé Ìdí Ọsàn! Wọ́n ti fi irin ṣe afárá sórí odò tó máa ń lé wa padà nígbà òjò. Lọ́rì ń wá kó àwọn obìnrin àti ẹrù wọn lọ tààrà sí etíkun. “Ìyá ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé òun gbé igbá ẹ̀kọ mímu lé itan nínú mọ́tò, pé kò ta sí òun láṣọ títí wọ́n fi dé Kútọnu.”

Kò pẹ́ tí Ìfọ̀ fi mọ̀ ọ́n lára. Ata gbígbẹ ọ̀dọ̀ wa dàwátì lọ́jà, ẹ̀kùrọ́ náà ń dín kù. Àwọn oníṣòwò ń bi ara wọn pé níbo ni àwọn ará ibodè wọlé sí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dùn wọ́n pé ẹrù ẹ̀bá ilẹ̀ wọn ń gba ọ̀dọ̀ Faransé lọ sókun. Ìgbà yẹn ni iná ràn!

Ọjọ́ tí rélùwéè já katapílà sílẹ̀ ní Ìfọ̀, ta ló lọ sóko? Àwọn ọmọ iléèwé sá jáde, tíṣà wọn ń sá tẹ̀lé wọn, òun náà fẹ́ wò ó. Irin náà bú ramúramù, ó yí ìdí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó igbó lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Mo dúró, mò ń wò ó. Ọ̀nà ilé mi ni wọ́n ń là lójú mi.

Bàbá Sàláwù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. “Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé la ti ń bẹ àwọn òyìnbó ibí yìí fún ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní kò sówó. Faransé wá la tiẹ̀, owó sì dé! Àlùhámúdúlílàhì fún Faransé o!”

Mo bá Múfútàù lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Mówè láàárín àsìkò yẹn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ la gbà, ẹrẹ̀ dé wa lórúnkún. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi, ó sì ní kí n sọ bí ọ̀rọ̀ katapílà ṣe jẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, àgbàlagbà kan tó wá láti Ìbàfò bi mí pẹ̀lú ojú tó le, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni àwọn Faransé yín máa dé apá ọ̀dọ̀ tiwa, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè la ọ̀nà fún àwa náà?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó ń retí èsì.

Nígbà tí títì náà ku díẹ̀ kó parí, Bàbá Sàláwù ra lọ́rì kejì. Ó pè mí síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ará Faransé, o mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ ẹ́. Ìwọ lo máa wà á lọ sí ọjà Ìdí Ọsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà. Èmi àti ẹ la jọ ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹrù àwọn obìnrin yẹn padà sí Ìfọ̀. Tí lọ́rì yìí bá kún, ìwọ ni dírẹ́bà rẹ̀ lọ títí. Tí kò bá kún, màá tà á, torí mi ò ní epo tí màá fi gbé afẹ́fẹ́ kiri. Wàá padà sẹ́yìn ọkọ̀.”

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ibi tí ìyá mi bá di ẹrù sí ni àwọn obìnrin yòókù máa ń di tiwọn sí. Mo rán Ìyá Rábì sí i. Mo ní kó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló ń wa lọ́rì bọ̀, pé kó jọ̀ọ́, kó fi ojú àánú wò mí.

Èsì dé. Ìyá Rábì ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. “Ó ní òun ò mọ dírẹ́bà kankan lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí dírẹ́bà náà wá dúró lọ́jà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń dúró.”

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Bàbá Sàláwù jókòó tì mí pẹ̀lú tẹ̀súbáà, Múfútàù dúró lẹ́yìn. Ọ̀dà náà tuntun, òórùn rẹ̀ ń wọlé sí wa, mo sì ń fà á símú tayọ̀tayọ̀. Ibi tó máa ń gbà wá ní odindi ọjọ́ tẹ́lẹ̀, a ti fò ó kọjá kí oòrùn tó mú. Mò ń fọn fèrè lọ́rì sí ewúrẹ́, sí igi, sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Títì wa parí sí àárín ọjà Ìdí Ọsàn gan-an, níbi tí ti àwọn Faransé ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí mọ́tò máa ṣe níbẹ̀. Mo wọ ọjà pẹ̀lú fèrè, mo di òsì mi mú. Lọ́rì kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Faransé, òun náà ń fọn fèrè, ó di ọ̀tún rẹ̀ mú. Ẹ rò ó dáadáa: òsì tèmi àti ọ̀tún tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì kan náà ni! A tẹ bíréèkì. Imú lọ́rì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

Ọlọ́pàá Faransé kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò. Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì kan dúró lẹ́yìn mi, òun náà ń wò. Ẹni tó bá yà, ó ti rú òfin ìjọba tirẹ̀ lójú ọlọ́pàá nìyẹn. Ọjà sì ti pín sí méjì. “Má yà fún un o!” ni àwọn kan ń kígbe sí mi. “Dúró ṣinṣin!” ni àwọn kan ń kígbe sí i. Èmi náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú kí n tó rí ẹni tó wà níwájú.

Ọ̀gá Ìdòwú ni.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà. Òun náà bọ́ sílẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun.

“Dìde,” ó ní. “Ta ló kọ́ ẹ ní òsì?”

“Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní mọ́tò.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. “O ti dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ mi ò lè yà. Wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì mi.”

“Èmi náà, ọ̀gá, wọ́n máa gba tèmi.”

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, bí kò ṣe láti ẹnu Ìyá Rábì.

“Kí ló dé tí ẹ ń pariwo?”

Ìyá mi gba àárín èrò kọjá, ó ru agbọ̀n ata. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé aṣọ ara mi á dọ̀tí. Ó wo imú lọ́rì kan, ó wo èkejì, ó wo àwọn ọlọ́pàá.

“Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni yà?” ó ní. “Ìdí lọ́rì la fi ń kó ẹrù, a kì í fi imú kó o. Ẹ dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí a bá dì í tán, kí kálukú fi ẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti wá.”

Ni gbogbo ènìyàn bá hó yèè, títí kan àwọn ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n àyà mi ò tíì balẹ̀, torí ó ti pín ata inú agbọ̀n rẹ̀ sí méjì. Ó gbé ìdajì lọ sí ìdí lọ́rì Ọ̀gá Ìdòwú, ó gbé ìdajì wá sí tèmi. Àwọn obìnrin yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àpò kan síhìn-ín, àpò kan sọ́hùn-ún.

Mo rọra sún mọ́ ọn. “Màámi, ìdajì ò tó. Ọ̀gá mi ní kó kún. Tí kò bá kún, iṣẹ́ mi lọ.”

Ó kọjú sí mi, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́. “Orí ni mo fi ru ata títí àtàrí mi fi pá. Kò sí òyìnbó kankan tó rántí wa. Ní báyìí, àwọn méjèèjì ń sáré, wọ́n ń sáré wá sọ́dọ̀ mi. Ìwọ fẹ́ kí n sọ fún ọ̀kan pé ó ti borí? Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́, koríko á hù lórí títì méjèèjì. N kò ní sọ ọ́. Wọ́n á máa sáré náà ni.”

Ọ̀gá Ìdòwú pàtẹ́wọ́. Èmi dúró bí ọ̀dẹ̀, ìgbéraga ń gùn mí nítorí rẹ̀, ìbànújẹ́ sì ń gùn mí nítorí ara mi. Ìdajì lọ́rì nìyẹn. Bàbá Sàláwù ti bọ́ sílẹ̀, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ìyá mi di gèlè rẹ̀ le. Ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé Ìfọ̀ rí, ẹ gun ọkọ̀. A ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń ra ata níbẹ̀.” Ni wọ́n bá ń gùn ún! Ọ̀kan ń fa èkejì sókè, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, títí Múfútàù fi kígbe pé òun ò ríbi fẹsẹ̀ lé mọ́.

Ìyá mi nìkan ló kù nílẹ̀. Bàbá Sàláwù wò ó, ó wo lọ́rì rẹ̀ tó kún dẹ́nu. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un, ó ní, “Ìyá dírẹ́bà, ẹ wọlé,” òun tó ni mọ́tò sì gun ẹ̀yìn lọ jókòó sáàárín àpò ata.

Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde kúrò lọ́jà, Ọ̀gá Ìdòwú náà ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, a sì ń juwọ́ síra wa títí a ò fi ríra mọ́. Mo yí orí ọkọ̀ padà sí Ìfọ̀. Bàbá Sàláwù ti ń sín lẹ́yìn. Ìyá mi ò wò mí. Ó ń wo igbó tó ń sá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ di ojú fèrèsé mú gírígírí. Nígbà tí ọ̀nà ti gbé wa jìnnà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Yàrá tí ò ń gbé níbẹ̀,” ó ní, “ṣé ó gba èèyàn méjì ní àṣálẹ́ ọjọ́ ọjà?”

Mo ní ó gbà á. Omi ti bò mí lójú, mo sì ní láti dẹ eré kí n tó lè rí títì.